Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná, etí ẹ̀ ti ń kùn, aṣọ ẹ̀ kún fún eruku yẹ́lò. Kí la lè ṣe?

Iya_Ibeji_Ikere:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìn tì wà níbí, àwọn nọ́ọ̀sì náà sì wà. Ìkẹ́rẹ́ lèmi àtàwọn ọmọ ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí wọ́n ti ń fi gáàsì pèsè iná mọ̀nàmọ́ná, kì í ṣe Èkìtì níbí o, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó rí àyè wálé. Abẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ló wà. Tí wọ́n bá ti pa tọ́báìnì kan, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń yí láti pèsè iná, láti tún un ṣe, àwọn ni wọ́n máa ń pè pé kí wọ́n wá tú u, kí wọ́n bó gbogbo aṣọ adáoorudúró tí wọ́n fi wé e kúrò lára ẹ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì tún un tò padà.

Ohun tí mò ń rí ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, etí ẹ̀. Tó bá wálé báyìí, tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa ń gbọ́ dáadáa, á ní kí wọ́n gbé e sókè, á tún ní kí wọ́n gbé e sókè, títí tí àwọn ará ilé kejì á fi máa bá wa gbọ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ á pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, tí wọ́n bá tún wá sún mọ́ ọn á máa bínú pé wọ́n ń kùn sínú, pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè. Lóru, tí NEPA bá ti mú iná tí gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́, á ní etí òun ń kùn wìì, kò jẹ́ kóun sùn.

Ìkejì ni aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ tó máa ń kó wálé fún mi fọ̀. Nígbà tó dé kẹ́yìn, mo yí àpò ṣòkòtò síta kí n tó rẹ ẹ́, mo bá rí ìyẹ̀fun kan tó yẹ́lò bí àtalẹ̀ pupa, ó wà nínú àpò, ó wà lójú rírán, ó wà níbi ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù. Bí mo ṣe gbọ̀n ọ́n báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ara ọwọ́ òun náà ń bó láàárín ìka, ó ní simẹ́ńtì ni, mo ní simẹ́ńtì wo ló wà lára tọ́báìnì?

Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní kò sí nǹkan kan, pé gbogbo àwọn táwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀, àti pé tóun bá ń sọ̀rọ̀ jù kọ́ńtírákítọ̀ á mú ẹlòmíì torí àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu géètì. Mi ò ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ilé ìwé ń bẹ nílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé tó bá dàgbà, á ṣì lè gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ẹ̀, á ṣì lè mí dáadáa. Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún un níbi iṣẹ́, kí lòun fúnra ẹ̀ lè ṣe, ibo la lè gbé e lọ fún àyẹ̀wò nítòsí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́.

Baba_Opureta:

Ìyá ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Ìjerò ni mo wà, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ iná ni mo ti lo ìgbà èwe mi, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ tètè rí i, torí àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pè wá lórí fóònù lónìí, ẹ máa kígbe kẹ́ ẹ tó lè bá wa sọ̀rọ̀.

Etí tí ariwo bá ti bàjẹ́ kì í padà. Irun tíntìntín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ohùn, tó bá ti kú ó ti kú nìyẹn, kò sí oògùn, kò sí àgbo. Bó sì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹ ṣe sọ yẹn: èèyàn á gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ohùn ọmọdé àti ohùn obìnrin ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ariwo tí wọ́n ní èèyàn lè wà nínú ẹ̀ fún wákàtí 8 lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì 85 lọ (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Tó bá di 88, wákàtí 4 ni. 91, wákàtí 2. Tó bá fi di 100, ìṣẹ́jú 15 péré, bẹ́ẹ̀ inú ilé irin tí wọ́n fi bo tọ́báìnì lè kọjá 100 tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọkọ yín lè sọ pé èyí táwọn ń tú ti kú, kì í pariwo, òótọ́ ni, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tí kò bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn ariwo, kó dúró níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè kan ẹnìkejì ẹ̀, tó bá jẹ́ pé àfi kó gbé ohùn sókè kí onítọ̀hún tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn.

Wọ́n lè máa fún wọn ní fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n kàn ń fi há ẹnu ihò etí, kò dí nǹkan kan. Ẹ bá mi sọ fún un, kó fọ ọwọ́, kó yí fóòmù yẹn láàárín ìka títí á fi tín-ín-rín, kó wá na ọwọ́ kejì gba orí kọjá, kó fa etí yẹn sókè díẹ̀ sẹ́yìn, ihò etí á nà gbọọrọ, ìgbà yẹn ni kó kì í wọlé, kó fi ìka tì í mú, kó ka ení èjì dé ọgbọ̀n kó tó fi í sílẹ̀ torí ó máa ń rọra wú ni. Tó bá wọlé dáadáa, ohùn òun fúnra ẹ̀ á máa dún nínú orí ẹ̀. Níbi tí ariwo bá ti le jù, kó tún fi èyí tó ń bo gbogbo etí láti ìta lé e.

Nǹkan kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ, kò sì hàn nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Nínú ilé tọ́báìnì yẹn, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti gbé gáàsì CO2 sí, pé tí iná bá ràn, kó tú jáde kó lé atẹ́gùn kúrò kí iná lè kú. Gáàsì yẹn kò mọ iná yàtọ̀ sí èèyàn. Tó bá tú jáde nígbà téèyàn wà nínú ẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tí onítọ̀hún á fi dákú, ẹni tó bá sì sáré wọlé láti fà á jáde á ṣubú tì í. Kó má wọlé láéláé àfi tí wọ́n bá ti pa CO2 yẹn, tí wọ́n fi àgádágodo tì í, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó ń wọlé. Ti ṣíwíìṣì iná náà bẹ́ẹ̀, oníkálukú ló máa fi àgádágodo tiẹ̀ tì í, kò sí pé lágbájá ti bá mi tì í.

Ti eruku yẹn, nígbà tiwa funfun ló jẹ́. Asbestos, nǹkan kan tó rí bí òwú tó ń gba ooru, ni wọ́n fi wé páìpù ooru nígbà náà, ọwọ́ la fi ń fà á ya, á máa fò kiri nínú oòrùn ojú fèrèsé, kò sẹ́ni tó bo imú. Àìsàn tó ń fà lè fara pamọ́ fún ọdún 20 sí 50 kó tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi máa ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe òun. Ti yẹ́lò yìí, kí àwọn elétò ìlera dá yín lóhùn.

Omo_Efon:

Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba obìnrin yìí jàre. Ẹ̀rọ ìlọta ni bàbá mi fi tọ́ wa ní Ẹ̀fọ̀n, ojoojúmọ́ ló wà nídìí ẹ̀, ó sì ń gbọ́ràn títí Ọlọ́run fi pè é. Iṣẹ́ wo ni ò ní eruku? Wẹ́dà lèmi, mílíìkì alágolo la fi ń fọ àyà tá a bá ṣíwọ́, tí ò bá sí a máa lá epo pupa díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jáde. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́, ẹ ra mílíìkì fún ọkọ yín, kó máa jẹ iyán dáadáa tó bá wálé, kó má sì lọ máa da ìbéèrè bo kọ́ńtírákítọ̀, wọ́n á ní oníjọ̀gbọ̀n ni, iṣẹ́ gáàsì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí.

Nurse_Ido:

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ kú iṣẹ́, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún wọn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mílíìkì yẹn ti ṣe ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní jàǹbá. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni eruku wà, wọn ò pàdé níbì kankan. Ti epo pupa tún burú sí i torí tó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, òun fúnra ẹ̀ á dá àìsàn sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mu mílíìkì, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, kò ní bo imú mọ́. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jẹ́ wẹ́dà, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí, torí èéfín wẹ́dà wà lára ohun tí àjọ IARC, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ìyá ìbejì, ẹ gbọ́ ti yẹ́lò yìí dáadáa. Irin tí wọ́n fi ń ṣe tọ́báìnì gáàsì ní chromium nínú kó lè gba ooru. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé e àti gírísì tí wọ́n ń fi sí bóòtù àti nọ́ọ̀tì ẹ̀ kó má bàa gan, wọ́n máa ń ní calcium nínú. Tí gbogbo ẹ̀ bá jọ wà nínú ooru líle fún ìgbà pípẹ́, wọ́n máa ń di ìyẹ̀fun yẹ́lò kan tó ń jẹ́ calcium chromate, ó wà lára irú chromium tó léwu tí wọ́n ń pè ní chromium 6. Àwọn tó ń ṣe tọ́báìnì fúnra wọn ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ fún àwọn tó ra ọjà wọn. Chromium 6 yìí, IARC fi í sí ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń mú. Ó máa ń dá egbò sí awọ ara, ó máa ń jẹ inú imú, tó bá pẹ́ ó lè lu ògiri tó pín imú sí méjì. Ara ọwọ́ tó ń bó yẹn bá a mu gan-an. Àyẹ̀wò ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ títí dìgbà náà, ẹ mú un bí ẹni pé òun ni.

Nítorí náà, ẹ má gbọn aṣọ yẹn mọ́. Kí òun náà má fi ìgbálẹ̀ gbá a níbi iṣẹ́, kí wọ́n má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi fẹ́ ara wọn tí wọ́n bá ń lọ jẹun, ohun tó burú jù nìyẹn. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò lè dá eruku yẹn dúró, irú èyí tó ní fílítà P100 tàbí P3 tó lẹ̀ mọ́ ojú ló yẹ, kó sì fá irùngbọ̀n torí tí irùngbọ̀n bá wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni eruku á gbà wọlé. Kó wọ ìbọ̀wọ́. Kó fọ ọwọ́ àti ojú kó tó jẹun, kó má sì fi oúnjẹ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

HSE_Ado:

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ààbò òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe, Adó ni mo fi ṣe ibùgbé. Bàbá wa àti nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀pọ̀, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kó sọnù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ààbò nílẹ̀ wa, akoto, ìbòmú, bàtà ni. Ìkẹyìn nìyẹn. Kí wọ́n tó kan ìbòmú, ó yẹ kí ọ̀gá iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé ṣé a lè mú ewu yìí kúrò pátápátá. Aṣọ ìwétọ́báìnì àti gírísì tí kò ní calcium wà, wọ́n lè rà á. Tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó bó o, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku tó ní fílítà HEPA fà á, kí wọ́n pààlà ibẹ̀ kí ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ má kọjá. Kí ilé ìwẹ̀ wà, kí àpótí aṣọ méjì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún aṣọ ilé, ọ̀kan fún aṣọ iṣẹ́, àti kí ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ máa fọ aṣọ iṣẹ́. Ìyẹn lèmi á kọ́kọ́ jà fún tó bá jẹ́ èmi, torí níbi tí wọ́n ti lo asbestos, ìyàwó tó ń fọ aṣọ ọkọ ẹ̀ nílé ti kó àìsàn yẹn láì fẹsẹ̀ tẹ ilé iṣẹ́ rí. Ìyá ìbejì, kì í ṣe iṣẹ́ yín láti fọ aṣọ yẹn.

Ooru náà wà ńbẹ̀. Tọ́báìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gbóná fún ìgbà pípẹ́, àwọn kọ́ńtírákítọ̀ sì máa ń kánjú wọlé torí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Kó máa mu omi bíi kọ́ọ̀bù kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má dúró de òùngbẹ. Ẹni tuntun tí kò tíì mọ ooru ibẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdá 20 nínú 100 àkókò iṣẹ́ ni kó fi wà nínú ẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ooru, kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́, ẹ tètè gbé e jáde kẹ́ ẹ da omi tútù sí i lára kẹ́ ẹ sì pe dókítà.

Ti iṣẹ́ tó ń bà á lẹ́rù pé á bọ́. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 kò yọ ọmọ kọ́ńtírákítọ̀ sílẹ̀. Káṣúà, pàt-táìmù, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Etí tí ariwo iṣẹ́ bàjẹ́ wà nínú òfin yẹn, àìsàn tí iṣẹ́ fà náà wà níbẹ̀. Nǹkan tó máa ń ba ẹjọ́ àwọn èèyàn wa jẹ́ ni pé kò sí ìwé. Tí nǹkan bá ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, kó sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó ní ẹ̀dà lọ́wọ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7, kí fọ́ọ̀mù tó fi ń béèrè owó gbà-má-bínú fúnra ẹ̀ sì wọlé kí ọdún kan tó pé.

Ẹ̀gbọ́n Omo_Efon, ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ sọ yẹn kì í ṣe irọ́, mo ti rí ibi tí wọ́n ti lé èèyàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dá a sọ. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń bó tọ́báìnì yẹn jọ sọ ọ́ nípàdé àárọ̀ tí wọ́n ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà, kí wọ́n kàn ní káwọn mọ ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun yìí, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ lára ibi tó wà. Tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ iná NUEE bá wà níbẹ̀, kí wọ́n bá wọn sọ ọ́, torí òṣìṣẹ́ gidi náà ń mí atẹ́gùn kan náà. Tí ilé iṣẹ́ ò bá gbọ́, àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò wà ní Ministry of Labour, Factories Act fún wọn láṣẹ láti wọlé.

Omo_Efon:

Mo ti gbọ́. Ti mílíìkì yẹn yà mí lẹ́nu o, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì, tí wẹ́dà bá fẹ́ ra ìbòmú tó dáa, ṣé P100 yẹn náà ni?

Nurse_Ido:

Bẹ́ẹ̀ ni sà, òun náà dáa, kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ wẹ́dà níta gbangba níbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín lọ kúrò lójú yín.

Iya_Ibeji_Ikere:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san, gbogbo yín. Mo ti kà á fún un lórí fóònù, ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo kan ibi imú ló dákẹ́. Ó ní ẹnìkan láàárín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú lemọ́lemọ́, wọ́n rò pé ooru ni. Ó ní àwọn á jọ sọ ọ́. Ó kù díẹ̀ kó wálé báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tó wà nílé ńkọ́, mo ṣì kó o sínú bákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé, àwọn ìbejì sì máa ń ṣeré níbẹ̀. Àti pé ọjọ́ wo ló yẹ kó lọ fún ti etí?

Nurse_Ido:

Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí àwọn ọmọ, sísín ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ, kí ó máa wọlé sára lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ ni wàhálà. Àmọ́ ẹ kó aṣọ yẹn kúrò ńbẹ̀ lónìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ rọra gbé e sínú nílọ́ọ̀nù méjì láì gbọ̀n ọ́n, ẹ dì í pa, kó gbé e padà lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má gbá a, ẹ má sì da omi ẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Tí ara ọmọ bá ń yún tàbí tó ń wúkọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó wà lára aṣọ bàbá ẹ̀, torí dókítà ò lè rò ó fúnra ẹ̀.

Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú yẹn kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà ìsinmi ẹ̀, kí ó lọ kí wọ́n wo inú imú ẹ̀.

Fún ọkọ yín, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní EKSUTH, ìyẹn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ẹ ní àyẹ̀wò ìgbọ́ràn lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì wo inú imú ẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀. Kó má lọ lọ́jọ́ tó bá dé gan-an. Ó gbọ́dọ̀ ti kúrò níbi ariwo fún wákàtí 14 ó kéré tán kó tó ṣe é, torí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ariwo máa ń di fún ìgbà díẹ̀, èsì ẹ̀ ò ní pé. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé náà wà nínú ariwo yẹn o, ẹ má tan án lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí wọ́n bá ṣe é tán, kó gba ẹ̀dà èsì náà lọ́wọ́ wọn, kó fi sílé lọ́dọ̀ yín, èyí tó bá ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n á fi wé e.